Ìrókò Wa Kò Ní Àrólé

   

Mo ṣèlérí nígbà tó kọjá pé ọ̀rọ̀ obì ni mo máa sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí obì dúró ná. Ọ̀rọ̀ ìrókò ló wà lọ́kàn mi, ó sì ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́, torí ọwọ́ tèmi náà wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa ṣọdún rí mọ ìrókò tó wà níwájú ojúbọ. Abẹ́ rẹ̀ la ti máa ń dúró kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin mẹ́fà na ọwọ́ yí i ká nígbà kan, ọwọ́ wọn ò kanra. Ó wó ní òjò ọdún kẹta sẹ́yìn. Ìjì ọjọ́ náà kò tiẹ̀ le. Inú igi náà ló ti jẹrà, a ò mọ̀. Lóru ló wó, kò pa ẹnikẹ́ni, ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló kú. A ṣe gbogbo ètùtù tó yẹ ká ṣe. Àwọn onígẹdú gbọ́, wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn fẹ́ rà á, a lé wọn.

Nígbà tí ètùtù parí, Bàbá Àwòrò jókòó sórí gbòǹgbò tó ta sókè, wọ́n béèrè ìbéèrè kan tí kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Wọ́n ní, "Bí baálé ilé bá kú, a ó wá àrólé. Àrólé eléyìí dà?"

A wá a. Odidi ọ̀sán la fi wá a, èmi àti àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọdé. A rí ọmọ akòko, a rí ọmọ ọ̀pẹ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, a rí ọ̀pọ̀tọ́, a tiẹ̀ rí dóńgóyárò tí a ò mọ ẹni tó gbìn ín. Ìrókò kan ṣoṣo tó ga tó orúnkún, a ò rí. Nínú igbó tí a ti ń bọ ìrókò kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi!

Èmi kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ló ti gbó. Àwọn kan ní aráyé ló ṣe é. Ẹ mọ̀ pé bí nǹkan ò bá ti yé wa, aráyé la máa ń dì í rù.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ku ọ̀sẹ̀ kan ká ṣọdún, àwa obìnrin ń ro ojúbọ bí a ti máa ń ṣe. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó ìjọba wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀, bó ṣe ń dìde ló rí nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ́ mi. Ó mú un.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ eléyìí, mà?"

Mo ní koríko ni. Mo ní irú ẹ̀ pọ̀ níbí, ọdọọdún la máa ń ro ó dànù.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìrókò ni, mà."

Mo ní irọ́ ni. Ṣé èmi ni wọ́n máa wá kọ́ ní ewé ìrókò? Ewé ìrókò tí mo mọ̀, etí rẹ̀ dán, kò ní eyín. Èyí tó mú dání yìí, etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, irun kéékèèké wà lára rẹ̀, ó sì ń ha èèyàn lọ́wọ́ bí ewé ìpín. Ó já a, oje funfun jáde. Ó wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí ìrókò ṣe máa ń rí nìyẹn ní kékeré, ewé ọmọdé rẹ̀ ò jọ ewé àgbà. Bó bá ń ga ni eyín yẹn máa ń kúrò, tí ara ewé á wá dán.

Ẹ wò ó, mo ti ń ro ojúbọ yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé. Ọdún méjìlélógójì. Ẹ bá mi ṣírò iye àrólé tí mo ti fi ọkọ́ gé. Láàárọ̀ a ó gé ọmọ dànù, nírọ̀lẹ́ a ó kúnlẹ̀ fún bàbá.

Àwọn àgbà ló ní kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, pé bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ìwà burúkú la máa ń fi òwe yẹn bá wí. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan owó ìyá rẹ̀, ká tètè bá a sọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ti sọ òwe di iṣẹ́ oko. À ń pẹ̀kan ìrókò lóòótọ́, èyí tó ń gbẹbọ sì ń tán lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ọmọkùnrin náà léèrè, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo sì ti bi àwọn mìíràn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ igbó. Ohun tí mo gbọ́ pọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ yà mí lẹ́nu.

Ìrókò ní akọ, ó ní abo. Odidi igi kan jẹ́ akọ, òmíràn jẹ́ abo. Akọ ń yọ òdòdó gígùn tó ń rọ̀ sílẹ̀ bí ìrù. Abo ló ń so, èso rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó rí bí ìka ọwọ́ tó sanra. Inú rẹ̀ ni àwọn wóró wà, wóró kan kò tó hóró ọkà bàbà. Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ bá abo. Tí akọ ò bá sí níbi tí atẹ́gùn lè dé, abo á kàn dúró lásán ni. Igi kan kì í dágbó ṣe. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, mo lè ka ìrókò márùn-ún láti ojúbọ dé odò. Wọ́n ti la gbogbo wọn di pákó. Tiwa nìkan ló kù, a sì ń yangàn pé àwa la pa tiwa mọ́, a ò mọ̀ pé a ti sọ ọ́ di opó.

Ta ló ń gbé wóró yẹn kiri? Àdán ni. Àdán ńlá tó ń jẹ èso, irú èyí tó ń so rọ̀ lórí igi nínú ọgbà fásitì Ifẹ̀ tí ẹ̀yin ọmọ wa tó kàwé níbẹ̀ mọ̀ dáadáa. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní Gánà rí i pé òun gan-an ni ìrókò gbójú lé. Á jẹ èso lóru, á fò lọ jìnnà, á yàgbẹ́ wóró sílẹ̀ níbi tí òjìji ìyá igi ò dé. Àwa wá ń yìnbọn sí i. A ní kò ṣeku, kò ṣẹyẹ, ó sì dùn nínú ọbẹ̀. Ọmọ mi kan wà tó fẹ́ràn rẹ̀ jù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí, ó ń ka ìwé yìí.

Wóró náà kì í dàgbà nínú òkùnkùn. Ó lè hù lábẹ́ igbó kìjikìji, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kú. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i létí oko, lórí ilẹ̀ tí a pa tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ti wó, tàbí níbi tí igi ńlá ti ṣubú tí oòrùn sì ti rí ọ̀nà wọlé. Níbo wá ni oòrùn ti ń wọlé jù nínú igbó tiwa? Iwájú ojúbọ ni, níbi tí a ti ro, tí a ti gbá. Ibẹ̀ ni wóró ń bọ́ sí, ibẹ̀ ló ń hù sí, ibẹ̀ náà la sì ń gbé ọkọ́ lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo èyí tán, mo ní kò burú, mo mọ ohun tí màá ṣe. Mo wá èso ìrókò láti ìlú kejì níbi tí abo àti akọ ṣì wà, mo fọ̀ ọ́, mo sá wóró rẹ̀, mo gbìn ín sínú ọ̀rá. Ó hù dáadáa. Mo gbé ogójì lọ sórí ilẹ̀ gbalasa lẹ́yìn ilé, mo tò wọ́n bí ẹ̀gẹ́, ẹsẹ̀ kan sí ìkejì. Oòrùn ń pa wọ́n bó ṣe wù ú. Inú mi dùn. Mo ń pe àwọn èèyàn wá wò ó.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí mo rí kókó lára ewé òkè. Mo rò pé ó ń rúwé ni. Kókó yẹn ń tóbi, ó bẹ́, ó ń rùn, ọ̀mùnú igi náà sì kú dúdú. Ká tó mọ̀, ó ti ran ogún, ó ti ran ọgbọ̀n. Méjì ló kù nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn ewúrẹ́ sì parí èyí.

Kòkòrò kékeré kan ló ń ṣe é. Kò tó ẹyọ ìrẹsì kan. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Phytolyma. Ìrókò nìkan ló ń bá jà. Á yé ẹyin sára ewé tútù, ọmọ rẹ̀ á wọnú ewé, ara ewé á wú bò ó mọ́lẹ̀ bí ilé, ó di kókó. Bí kókó bá bẹ́, ìdíbàjẹ́ á gba ojú ọgbẹ́ wọlé, igi á kú láti òkè wá. Ìrókò tó ti ga tán kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ọmọdé rẹ̀ ló ń pa. Èyí ni kò jẹ́ kí ìjọba àti àwọn onígẹdú lè gbin oko ìrókò bí wọ́n ṣe ń gbin tíìkì àti gmelina. Níbi tí o bá ti kó ìrókò pọ̀ sójú kan nínú oòrùn, àsè lo sè fún kòkòrò yẹn. Àwọn ará Gánà ti ń ṣa irú èyí tí kòkòrò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ pa, wọ́n ń mú un bí sí i. Wọ́n tún rí i pé bí ìrókò bá wà káàkiri láàárín àwọn igi mìíràn, tó rí òjìji díẹ̀, ìyà rẹ̀ máa ń dínkù. Ẹ ò rí i pé bí àdán ṣe ń gbìn ín nìyẹn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìlú Ọba, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ẹ̀ náà ló wà lọ́dọ̀ àwọn. Igi kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ óòkù, òun làwọn òyìnbó kà sí igi ọlọ́lá tiwọn, òmíràn ti lò ju ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún. Igbó kan wà nítòsí ilé rẹ̀ tó kún fún àgbà óòkù, ọmọ rẹ̀ kankan ò sì sí lábẹ́ wọn. Óòkù náà ò fẹ́ òkùnkùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ èso rẹ̀, àgbọ̀nrín ń jẹ èyí tó bá hù, àrùn funfun kan tó wọ ilẹ̀ wọn ní bí 1908 ń bo ewé rẹ̀. Ẹyẹ kan ló ń gbé èso náà lọ bò mọ́lẹ̀ lórí pápá, tó bá gbàgbé rẹ̀, ó hù. Wọ́n ní ẹyẹ aláriwo ni, kò sì wu ẹnikẹ́ni. Mo ní àdán tiwọn nìyẹn.

Àwọn kan nínú ilé sọ fún mi pé kí n fi ọkàn balẹ̀, pé kí ni ìrókò kan, ṣebí àwọn ará wa ní Kúbà ń bọ Ìrókò láìsí ìrókò. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ síbẹ̀, wọn ò bá ìrókò níbẹ̀, àràbà ni wọ́n bá, wọ́n sì gbé òrìṣà náà lé e. Ní Bràsíl, igi gameleira ni wọ́n lò, ẹbí odán àti ọ̀pọ̀tọ́ wa. Ojú àwọn àgbà yẹn là o, torí ẹbí kan náà ni ìrókò àti ọ̀pọ̀tọ́ jẹ́, ẹ wo oje funfun wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ìrókò ni wọ́n ṣe lo òmíràn. Wọ́n kó wọn kúrò nídìí rẹ̀ tipátipá. Ta ló kó àwa kúrò nídìí tiwa?

Èèwọ̀ ló dá igbó sí ní ilẹ̀ wa, mi ò jiyàn ìyẹn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, ì bá ti di ilé àti ṣọ́ọ̀bù bí kì í bá ṣe pé wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gégi níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀. Àwa náà ní èèwọ̀ tiwa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú àdá kan ìrókò, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ọkọ́ nìkan ni èèwọ̀ wa ò dárúkọ.

Ẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á ní ìrókò kì í ṣe igi à ń gbìn, pé ta ló fẹ́ kí ẹbọra wá ṣe ilé sí ẹ̀yìnkùlé òun. Àgbẹ̀ ní ẹ̀rù tirẹ̀: tó bá dá a sí láàárín kòkó, lọ́jọ́ tó bá tóbi, onígẹdú á dé pẹ̀lú ìwé ìjọba, igi á wó lu kòkó, owó tí wọ́n á fún un ò ní tó ra iṣu. Òun náà á yáa tètè bẹ́ ẹ ní kékeré. Mi ò lè bá a jà.

Tiwa la lè ṣe. Mo lọ bá Bàbá Àwòrò, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa so màrìwò mọ́ gbogbo ọmọ ìrókò tí a bá rí kí iṣẹ́ ríro tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní aṣọ òrìṣà ni màrìwò, a kì í fi so koríko. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe koríko mọ́." Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣe ètùtù fún un, kò sẹ́ni tó dá a sílẹ̀, báwo ni a ó ṣe wọṣọ fún un? Mo ní ọmọ ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ńkọ́, ṣé a máa ń dúró dìgbà tó bá gorí oyè ká tó fi aṣọ bò ó? Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ọjọ́ mẹ́rin la ò fi kí ara wa dáadáa.

Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti da obì, obì ti yàn. Wọ́n ní kí n lọ ṣà màrìwò.

Bí a ṣe ṣe é lọ́dún yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ ní igbó tàbí ojúbọ tí ìrókò wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́, àgbà kan àti àwọn ọmọdé máa kọ́kọ́ rìn ín káàkiri. Ojú ọmọdé ló ríran jù, ẹ fi ewé náà hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Eyín létí ewé, irun lára ewé, oje funfun. Èyí tí ẹ bá rí, ẹ fi igi kékeré kàn án ní ẹ̀gbẹ́, ẹ so màrìwò mọ́ igi yẹn, ẹ má so ó mọ́ ọmọ ìrókò gan-an, kò lágbára. Lẹ́yìn náà ni kí àwọn obìnrin wá ro. Ọmọ ọdún méje kan nílé wa ló rí mẹ́rin nínú mọ́kànlá tí a rí. Bí ìrókò yín bá ti wó tàbí tí wọ́n ti gé e, ẹ má sun kùkùté, ẹ má fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, ó lè rú níbẹ̀. Tiwa ti jẹrà jù, kò rú. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbìn ín, ẹ fi sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi mìíràn, ẹ jẹ́ kó jìnnà síra. Mo ti fi mẹ́jọ sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, kókó ti wà lára ọ̀kan, mo ti gé e, mo ti sun ún.

Nínú mọ́kànlá ojúbọ, èrò ọdún tẹ mẹ́rin pa, pẹ̀lú màrìwò àti ohun gbogbo. Àwọn onílù ló burú jù. Ẹ̀yin onílù, mo ń bá yín wí o. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ máa dúró sí.

Bàbá Àwòrò ló ń ka èyí tó kù báyìí, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Níjẹta wọ́n wọlé, wọ́n ní ó ti ku mẹ́fà. Ara mi kò gbà á, mo wọ bàtà, mo lọ kà á fúnra mi. Méje ni. Ọ̀kan wà lẹ́yìn òkúta ńlá tó wà lápá odò, màrìwò rẹ̀ ti gbẹ, mo pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ obì di ìgbà tó ń bọ̀.